Ẹni Tó Sè É Ni Í Ṣí I

Ní agboolé Fàsásì olóbì, ní Ìjọkú, Ṣàgámù, obìnrin tó bá se oúnjẹ àlejò ni yóò gbé e wọlé, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ìdérí rẹ̀ lójú àlejò. Wọn kì í rán ọmọ. Wọn kì í rán orogún. Wọ́n ní kí àlejò lè mọ ọwọ́ tó bọ́ òun ni, kí ó sì mọ ẹni tí yóò bi bí inú bá run ún. Bí Ràbíátù, ìyàwó Fàsásì, ṣe bá a nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó láti Ìlárá, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ṣe é títí orí rẹ̀ fi funfun.

Àwọn Gàńbàrí tó ń wá ra obì lọ́wọ́ Fàsásì kì í wá ilé oúnjẹ kiri. Inú ilé náà ni wọ́n ń sùn, nítòsí yàrá tí wọ́n ń to àpẹ̀rẹ̀ obì sí, Ràbíátù ló sì ń bọ́ wọn. Kò mọ oúnjẹ wọn í sè, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ìkọ́kọrẹ́ ewùrà ló ń sè fún wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e ka iwájú Àlíyù ará Kánò, Àlíyù wo àwo náà, ó wo Fàsásì, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹnì kan ti kọ́kọ́ jẹ èyí ṣáájú mi ni?"

Fàsásì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ràbíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́ ná." Àlíyù jẹ ẹ́, ó sì fi ìka nu àwo. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tán ni yóò ti máa bèèrè ìkọ́kọrẹ́.

Fàsásì kú, Mọ́ṣúdù ọmọ rẹ̀ sì gba òwò obì. Àlíyù kò yéé wá. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé sí Ràbíátù. Nínú ààwẹ̀ ló ń ṣe àlùwàlá ìdájí nígbà tí bútà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun náà sì tẹ̀ lé e lulẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde lórí ẹní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kò kú, kò sì yè. A máa di nǹkan mú, a sì tún máa tú u sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà wúwo. Bánkẹ́, ìyàwó Mọ́ṣúdù, ọmọ Ògèrè, ló wá gba ilé ìdáná. Bánkẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aláfojúdi. Ọwọ́ Ràbíátù náà ló ti kọ́ ìkọ́kọrẹ́ bí wọ́n ṣe ń sè é nílé yẹn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1983, awakọ̀ kan mú ìròyìn wá pé Àlíyù ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wá gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ara òun náà ò yá, pé ó fẹ́ wá kí ilé Fàsásì kí agbára tó tán.

Ràbíátù ní, "Èmi ni n ó se oúnjẹ rẹ̀."

Mọ́ṣúdù ní, "Ìyá, ẹ má dààmú ara yín. Ìrẹsì ni ká sè. Ta ló ń bá ìrẹsì jà?"

"Ìrẹsì ló ń jẹ ní Kánò."

Bánkẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa rin ewùrà, Ìyá. Kí ẹ jókòó lórí àpótí, kí ẹ máa pàṣẹ bí ọ̀gá."

"Ta ni yóò wá ṣí i? Ọ̀gá tó ń pàṣẹ àbí ìwọ tó o sè é?"

Bánkẹ́ padà sí ilé ìdáná. Ó mọ òfin ilé.

Ràbíátù wá fara balẹ̀ ronú bí arúgbó ṣe lè se oúnjẹ àlejò láìjẹ́ pé ó pa ara rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá ṣe é ṣe sílẹ̀, ó ṣe é sílẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó jókòó ti ẹja gbígbẹ, ó ń ṣa egungun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń ṣa. Ó ní kí wọ́n gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n to igi sábẹ́ ìkòkò, kí wọ́n pọn omi sínú rẹ̀, kí ó má baà sí ohun tí òun yóò gbé. Iyọ̀, edé, epo, gbogbo rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ òsì lè tó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún Bánkẹ́ pé, "Ṣé o rí i? Kò le."

Ewùrà nìkan ni kò ṣe é ṣe sílẹ̀. Ewùrà tí a bá rin, tí a kò tètè dà sínú ìkòkò, yóò dúdú, yóò sì máa sun omi. Kò ní dì mọ́. Bí o bá dà á sínú omi ata, yóò yọ́ bí ẹ̀kọ mímu, kò sì ní sí kókó kankan nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tí kò mọ èyí. Ràbíátù mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe lọ́ra tó.

Kò jẹ́ fi ọwọ́ òsì rin oúnjẹ àlejò. Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́bọ̀, ó gbé agolo tí wọ́n fi ìṣó lu sáàárín itan, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún di ewùrà mú. Ewùrà ń yọ̀. Ó rin ín díẹ̀, ewùrà bọ́. Wọ́n bá a mú un, ó fọ̀ ọ́, ó rin ín díẹ̀, ó tún bọ́. Bánkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ nu aṣọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Lọ wo iná."

"Iná ń jó, Ìyá. Omi ti hó."

Nígbà tó fi máa rin ìdajì, èyí tó kọ́kọ́ rin ti yí padà sí àwọ̀ omi ẹrẹ̀, omi sì ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ó rí i. Ó ń rin ín síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ohùn Àlíyù níta, tó ń kí àwọn tó ń di obì. Ó ti dé ṣáájú àkókò.

Ràbíátù da èyí tó rin sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ. Ó ti agolo sí ọ̀dọ̀ Bánkẹ́.

Bánkẹ́ mú ewùrà mìíràn, ó bẹ ẹ́, ó sì ń rin ín bí ẹni ń fi ọṣẹ pa aṣọ. Ó bù ú sínú ìkòkò ní kókókókó, ó dé e, kò rò ó. Ó dúró títí ó fi dì, ó wá rọra yí i. Ràbíátù ń wò ó láti orí àpótí. Ó ń wá ibi tí yóò ti bá a wí, kò rí i. Ìkọ́kọrẹ́ náà dára.

Nígbà tí wọ́n bù ú tán, Mọ́ṣúdù wọlé. "Ìyá, ẹ wá ṣí i fún wọn."

"Èmi kọ́ ni mo sè é."

"Ta ló máa mọ̀? Ẹni tó ti Kánò wá nítorí yín!"

Bánkẹ́ ní, "Ẹ ṣí i, Ìyá. Mi ò ní bínú."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìbínú ni?"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Mọ́ṣúdù fi ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí pálọ̀. Wọ́n fi í jókòó sórí tìmùtìmù níwájú Àlíyù, nítorí kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Àlíyù ti rù. Ó kí i, ó kí i, ó bèèrè ara, ó bèèrè ọwọ́. Mọ́ṣúdù gbé abọ́ sáàárín wọn.

Ràbíátù na ọwọ́ ọ̀tún. Ìdérí ń lu etí abọ́, ó ń dún wọnwọn, gbogbo pálọ̀ ń gbọ́ ọ. Àlíyù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ó fi ṣí.

Àlíyù ṣe bisimiláì, ó bu òkèlè kan, ó dijú. "Wàláì, Ìyá Mọ́ṣúdù! Ọwọ́ yẹn náà ni. Àìsàn ò mú ọwọ́ yẹn."

"Bánkẹ́ ló sè é," ni Ràbíátù wí.

Àlíyù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Fàsásì máa ń sọ pé ẹ ò fẹ́ ìyìn."

"Mo ní Bánkẹ́ ló sè é. Mo gbìyànjú, mi ò lè rin ín."

Àlíyù ní, "Mo gbọ́, mo gbọ́," ó ń fi òkèlè mìíràn kó ẹja. Ó wo Bánkẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ bí ìyá ọkọ rẹ ṣe fẹ́ràn rẹ tó? Ó fẹ́ gbé oyè tirẹ̀ fún ọ."

Bánkẹ́ wo ilẹ̀. Mọ́ṣúdù ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ràbíátù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ẹni tí yóò jẹ́rìí òun nínú wọn. Ìdérí ṣì wà lórí itan rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀, ọwọ́ kò sì gbà.

Àlíyù jẹun tán, ó fi ìka nu abọ́. "Mo máa sùn kí n tó lọ," ni ó wí. "Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ tún bá mi sè é lọ́la. Mi ò mọ̀ bóyá a tún máa ríra."

Gbogbo wọn yíjú sí Ràbíátù.

"Ó dáa," ni Ràbíátù wí.