Omi Inú Búta Bọ̀ọ̀dá Jàmíù

Gèètì ni mò ń ṣọ́ ní Abraham Adésànyà, l'Ájàh. Ọ̀kánkán gèètì náà, lábẹ́ igi fúrúùtù, ni Bọ̀ọ̀dá Jàmíù ti ń lẹ táyà. Mo bá wọn níbẹ̀ ni. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, irun wọn ti ń funfun, ẹnu wọn kì í sinmi.

A ò dédé di ọ̀rẹ́. Omi ló fà á.

Wọ́n ní búta àlùwàlá kan, aláwọ̀ ewé. Ọwọ́ ẹ̀ ti kán, wọ́n fi rọ́bà táyà dì í. Lọ́jọ́ kan mo rí wọn tí wọ́n ń gbé e lọ wá omi lókèèrè, oòrùn ń pa wọ́n. Ẹ̀rọ omi sì wà nínú ọgbà wa. Mo gbà á, mo pọn omi kún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ológeere mi tó ti jò tipẹ́.

Látìgbà yẹn, wọn kì í lọ wá omi lókèèrè mọ́. Tí ìrun bá ti ń sún mọ́, màá lọ gbé búta. Tí wọ́n bá ra àkàrà, wọ́n á yọ tèmi sílẹ̀. Tójò bá dé, yàrá gèètì mi la jọ ń há sí.

Ọjọ́ Sunday tóorun bá gbé mi lọ, wọ́n á fi irin lu ríìmù gbàgà-gbàgà.

"Pásítọ̀! Wọ́n ti ń gbọrẹ o, o ṣì ń hanrun!"

"Ààfáà, ẹ jẹ́ n sùn. Ẹ bá mi lọ."

"Kí n lọ bá ẹ sùn níbẹ̀ náà? Dìde jàre!"

Mi ò tíì rẹ́ni tó jí mi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ara Bọ̀ọ̀dá Jàmíù gbóná, ibà lásán la pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Sẹ̀gilọlá, ìyàwó wọn, pè mí lórí fóònù. "Bọ̀sún, bọ̀ọ̀dá ẹ ti lọ."

Nílé tiwa, a kì í yára sìnkú àgbà. A máa gbé e sí mọ́ṣúárì, a máa pe ẹbí, a máa mú ọjọ́. Mo tọrọ àyè Friday lọ́wọ́ ọ̀gá mi, torí mo rò pé ìgbà yẹn ni wọ́n á sin wọ́n. Mo fọ aṣọ funfun mi, mo sá a. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí n bu erùpẹ̀ lé wọn, kí n sọ pé ó dàbọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Àǹtí pè mí gan-an ni Dàmọ́lá tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá kó irinṣẹ́ wọn.

"A ò rí ẹ níbi ìsìnkú."

"Ìsìnkú ta ni?"

"Tàwọn Bọ̀ọ̀dá! A ti sin wọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n, Bọ̀sún. Àbí o rò pé a máa tọ́jú wọn sí fíríìjì?"

Aṣọ mi ṣì wà lórí okùn. Mo bá Dàmọ́lá lọ sílé wọn ní Ṣàngótẹ̀dó.

Ilé kún. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ṣófo. Àǹtí Sẹ̀gilọlá rí mi.

"Wọn ò lè dúró dè ẹ́, Bọ̀sún. Má bínú."

Dàmọ́lá gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Búta wà láàárín wọn. Ìrun ìrọ̀lẹ́ ti tó, àwọn bàbá ti ń ká apá ẹ̀wù sókè, wọ́n ń wá omi.

Mo gbé e. Ó fúyẹ́. Mo pọn omi kún un nídìí dúrọ́ọ̀mù, mo gbé e fún bàbá tó wà níwájú.

"Ọmọ ta nìyí?" ni bàbá wí.

"Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni," ni Àǹtí dáhùn. "Òun ló ń pọnmi fún wọn."

Bàbá ṣe àlùwàlá tán, wọ́n dá búta padà fún mi. Ẹlòmíràn ti na ọwọ́. Mo padà sídìí dúrọ́ọ̀mù.