Ẹ̀kùyá Ìyá Mi ní Bódìjà

Títílọlá lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, nítorí náà Àǹtí Ìlú Ọba ni mo ń pè é títí ó fi kú. Ọkọ mi náà ti kú, èmi sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń bá wí. Títílọlá. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí a kó dé ilé tuntun ní Bódìjà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, èmi ń ṣe tíṣà. Títílọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó gbin róòsì méje síwájú ilé, ó wá sọ èmi di ẹni tí ń pọnmi fún wọn.

Lọ́dún náà ni ìyá mi kú ní Móníyà. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ kò ju irúgbìn ẹ̀kùyá tó dì sínú àkísà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́bẹ̀ nìkan, ṣé ẹ ti rí òdòdó rẹ̀ rí? Funfun ni, irun rẹ̀ gùn bí irunmú ológbò. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni lómi. Àmọ́ ọdún kan ṣoṣo ló ń lò láyé: bí èso rẹ̀ kò bá gbẹ kí o tó ká a, ó parí.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, síbẹ̀ mo gbin gbogbo rẹ̀ tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àgbẹ̀ wo ní ń gbin irúgbìn tán? Ìwé ti jẹ́ kí n gbàgbé.

Ọyẹ́ dé, róòsì ń rọ, ẹ̀kùyá ń funfun. Títílọlá á ní, “Ìyàwó, o gbé oko Móníyà wá sí Bódìjà. Ó ku kí o so ewúrẹ́ mọ́ ọn.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ni ìyàwó fẹ́ sọ?

Ọkọ mi wá pe ọ̀gá rẹ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, mo ti iléèwé dé, ebi ń pa mí, mo bá ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lórí tábìlì. Títílọlá kì í dáná, ẹnu yà mí. Ó ń wo bí mo ṣe ń jẹun. Ó bi mí bóyá ó dùn. Mo ní ó dùn, mo dúpẹ́. Ọkọ mi kò gbórí sókè nínú àwo.

Ó ní, “Jẹ ẹ́ dáadáa. Tìrẹ ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo hú.”

Mo sáré jáde. Wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀. Èso tó wà lára igi ẹ̀kùyá tó dà sẹ́yìn ilé ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò lè hù. Mo padà wọlé, mo sì jẹ oúnjẹ mi tán. Ṣé kí n bì í ni?

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń po iyọ̀ mọ́ omi róòsì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, méjèèje ti kú. Títílọlá sunkún, ó ní ọyẹ́ ló pa wọ́n. Èmi ni mo nu ojú rẹ̀. N kò kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ọkọ mi ni mo fi ń tu ara mi nínú. Mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú, mo sì dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé kò ṣẹ̀ mí rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá Títílọlá ní Ring Road. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́wọ́ kó tó kú, mo sì bi í pé kí ni mo fi ṣe é tó fi hú ẹ̀kùyá mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa tọ́jú irúgbìn díẹ̀ pamọ́, ẹ má sì lọ máa tú ohun tó ti jinná lọ́kàn yín. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí, kó sọ tirẹ̀ fún mi, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Títílọlá wò mí, kò bínú. Ó ní:

“Ìyàwó, ọkọ rẹ ló bẹ̀ mí kí n bá òun hú u. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀gá òun mọ irú ibi tí òun ti lọ fẹ́ ọ.”