Èènì Ayọ̀rìndé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí olóògbé Ayọ̀rìndé ará Ìyìn-Èkìtì jẹ́, kó lọ bèèrè ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọtí ti ń ṣèpàdé ní Sátidé. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti ná ọtí bí ẹni ń ná ata.

Orí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n fi í jókòó sí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nọ́fíù ló ń darí ìpàdé. Fíríìjì ló ń tún ṣe, òun náà sì ti mutí sùn sí gọ́tà rí. Ó ní, "Bàbá, a fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú ọtí."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ayé."

"Ó wọ́n jù," ni Ayọ̀rìndé wí. "Jálẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Nọ́fíù ní kó mú ọdún kan wá. Bàbá ní títí di ìrọ̀lẹ́. Nọ́fíù já a sí oṣù kan, bàbá fi wákàtí méjì lé tiẹ̀. Nígbà tí wọn ò gbà, ó dìde, ó gbọn dàńṣíkí rẹ̀, ó ń rọra lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣá mọ ìrìn oníbàárà tó ń retí kí wọ́n pe òun padà.

Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà níta. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ó ti pinnu pé bí ọkọ òun bá ti ìpàdé yìí gba ilé ọtí lọ, òun ń padà sílé bàbá òun ní Ìgèdè nìyẹn.

"Bàbá, ẹ padà," ni Nọ́fíù wí. "Ẹ wá gbé e. Ọjọ́ kan."

Ayọ̀rìndé yíjú. "Òní nìkan?"

"Òní nìkan."

"Fi èènì sí i."

Nọ́fíù tí kò pàtẹ ọjà rí ronú díẹ̀. "Òní lẹ rà. Bí ẹ bá san án pé, ọ̀la ni èènì."

Bàbá padà jókòó, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rẹ́ ọmọ Adó jẹ.

Ṣáájú ọjọ́ náà, wọn ò kúkú tètè rí ìpàdé ọ̀hún. Fíríìsà tí Jùmọ̀kẹ́ fi ń ta ẹja ló bàjẹ́, tí Nọ́fíù fi dé ilé wọn. Ó bá baálé ilé tó ti mutí yó, tó sùn lọ fọnfọn lórí àga pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, èmi náà ti wà níbẹ̀ rí." Jùmọ̀kẹ́ bú sẹ́kún, nítorí pé Nọ́fíù ni àlejò àkọ́kọ́ tí kò bú ọkọ rẹ̀. Nọ́fíù bá júwe ìpàdé náà fún un.

Sátidé àkọ́kọ́, Jùmọ̀kẹ́ mú ọkọ rẹ̀ dé ọgbà ilé-ìwé, ó nawọ́ sí kíláàsì, bàbá sì wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Wákàtí kan kọjá kó tó jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ohùn mi wúlò fún wọn, kí n máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Jùmọ̀kẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí wọ́n fi dé Ìyìn, ibẹ̀ ni bàbá ti bi í pé ta ni yóò rán aṣọ akọrin òun.

Lẹ́yìn tó rí kíláàsì gidi, àràárọ̀ ló ń pe Nọ́fíù lórí fóònù. "Mo fẹ́ ra òní. Kò gbọdọ̀ wọ́n ju tàná lọ o." Bí Nọ́fíù bá fi ṣeré pé ọjà ti gbówó lórí, ìjà dé nìyẹn.

Ní ọdún kẹta, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀rìndé kú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó dìde, ó kọjú sí ọ̀nà ilé ẹlẹ́mu. Jùmọ̀kẹ́ rí i. Ó ti rẹ obìnrin náà, kò fẹ́ ná nǹkan kan mọ́, ó sì ń wò ó lọ. Ọkọ rẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò, ó dẹ ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà. Sílípáàsì ló wọ̀. Ẹ̀rín pa Jùmọ̀kẹ́ tòun ti omijé lójú.

"Bàbá Títílọpẹ́, ẹ padà. Ẹ wá gbé e."

Ó padà. "Kí lèènì?"

"Iyán."

Ó jẹ ẹ́ tẹkún-tẹkún, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í títí ó fi tán.

Ojú oorun ló kú sí, ní ọdún kẹjọ, lẹ́yìn tó toko dé. Àwọn ará ìpàdé ló gbé pósí rẹ̀ jáde, wọ́n ń rọra rìn. Jùmọ̀kẹ́ wo ìrìn náà láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Títílọpẹ́, ẹ padà wá gbé e," ó wí jẹ́jẹ́. Nọ́fíù tó wà lẹ́yìn pósí gbọ́, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Àwọn tó gbé pósí ò dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Nọ́fíù dún ní àkókò tó máa ń dún. Nọ́ńbà bàbá ni. Ó gbé e.

"Èmi ni," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Mi ò fẹ́ ra nǹkan. Mo ní kí n dúpẹ́ ni. Ọjọ́ kan péré la ná lọ́wọ́ yín, ẹ sì fi ọdún mẹ́jọ ṣe èènì fún mi."