Ohun tí Dókítà Rí Lọ́nà Ọ̀fun Ẹ̀gbọ́n Mi

Inú ṣì ń bí mi títí dòní bí mo bá rántí àkàrà tí a dín ní Mushin.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà ọ̀fun máa ń jó o bíi pé ó gbé ẹyin iná mì. Bó bá jẹun tán, omi kíkan á ru sókè, kò ní lè dùbúlẹ̀, á jókòó sùn bí ọlọ́dẹ. Kán-ún ló fi ń ṣe oògùn. Nígbà tó yá, mo mú un lọ sí ọsibítù kan ní Yaba. Dókítà ibẹ̀ ki ọ̀pá irin oníhò bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Nílé wa, aláìsàn kì í lọ gbọ́ èsì ara rẹ̀. Àgbà ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló lọ gbọ́ ọ. Ó dé, ó ní, "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ dín àkàrà, ẹ pín in fún àdúgbò."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ọsibítù yẹn. Dókítà dá mi mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Kí ló dé tí kò padà wá?"

Mo ní ṣebí ara rẹ̀ ti yá.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ṣàlàyé fún bàbá yín. Irú awọ tó yẹ kó wà nínú àpòlúkù ló ti bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àwa dókítà pàápàá ṣì ń jiyàn lórí ohun tí a ó máa pè é. Kì í ṣe jẹjẹrẹ lónìí, ṣùgbọ́n ó lè dà á lọ́la. A gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Tìbínú-tìbínú ni mo fi dé Mushin. Mo bi Bàbá ní ohun tí dókítà wí.

"Ìwọ oníròyìn, ṣé gbogbo ohun tí etí rẹ bá gbọ́ lo gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú ìwé?"

"Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá."

"Ó ní ó lè di jẹjẹrẹ. Kò tíì dì í. Ṣé kí n fi ẹ̀rù pa á ṣáájú àìsàn ni? A kì í sọ irú ẹ̀ létí aláìsàn."

"Ta ni yóò wá padà lọ fún àyẹ̀wò? Ṣé ẹ̀yin?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá kejì. Ẹ̀gbọ́n mi yọ síta, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ àkàrà mi, ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ mi mì."

"Jókòó. Jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mò ń bọ̀ wá fi lé e lọ́wọ́, tí mo bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́.