Páìpù Tí Mi Ò Gé

Onínúfùfù ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé tí inú bá ti ń bí mi, etí mi kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Irọ́ kọ́ ló ń pa.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, èmi ni alábòójútó ṣọ́ọ̀bù irin ní ilé iṣẹ́ kan tó ń wa kuza, ohun àlùmọ́ọ́nì tó sọ Jos di ìlú ńlá. Ojúrere kọ́ ni mo fi débẹ̀ o. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Èkìtì, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí èèyàn dúdú fọwọ́ kan irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn irin. Ó ní ọwọ́ wa wúwo. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé e kiri, tí mò ń wo bó ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́, tí mo sì panu mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ipò rẹ̀ fún mi, mo búra pé lábẹ́ tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn nìkan ni a ó máa wò.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àwọn wẹ́dà wa fẹ̀yìn tì. Àwọn méjì ló tó gba ipò náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Berom, abúlé wọn ò jìnnà sí kòtò tí a ti ń wa kuza. Èkejì jẹ́ ọmọ ìlú mi gan-an. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé ní Laranto, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Ẹni tó bá sì di ọ̀gá wẹ́dà, ilé iṣẹ́ á fún un ní ilé oníyàrá mẹ́ta.

Nígbà tí ìdánwò tí a ó fi yan ọ̀kan nínú wọn ku ọ̀sẹ̀ kan, a ṣe ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Tudun Wada lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Alága wa dìde, ó tún agbádá ṣe, ó ní, "Ẹ bá mi yọ̀, a ti ní ọ̀gá wẹ́dà!" Ni gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi. Ọmọ ìlú mi tó fẹ́ ṣe ìdánwò náà tẹrí ba. Ìdánwò tí a ò tíì ṣe! Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo tún gbọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń sọ fún èkejì ní Háúsá pé, "Ai, ɗan'uwansa ne." Ìyẹn ni pé àbúrò ọ̀gá mà ni, kí la tún fẹ́ dán wò? Mo ní màá fi hàn wọ́n pé èmi kì í ṣe ojúsàájú.

Bí ìdánwò wẹ́dà ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyí: ẹnì kọ̀ọ̀kan á jó páìpù méjì pọ̀ di ọ̀kan, a ó dí ìdí rẹ̀, a ó rọ omi kún un, a ó sì gbé e dúró títí a ó fi ṣíwọ́. Èyí tó bá jò ti bọ́ nìyẹn. Bí kò bá sí èyí tó jò, a ó fi ayùn irin gé ojú ibi tí wọ́n jó, kí a lè rí inú rẹ̀, nítorí páìpù lè gba omi dúró lónìí kó sì bẹ́ lọ́la mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò lójú.

Páìpù méjèèjì ò jò. Ayùn wà lórí tábìlì. Mi ò mú un. Mo ní ojú ibi tí ọmọ Berom jó ló dán jù, mo sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Kí n má purọ́, mo ti pinnu kí omi tó wọ páìpù rárá. Mo délé, mo jẹ iyán mi, mo ń yin ara mi pé olódodo ni mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Berom náà wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé páìpù méjèèjì. Ó kó wọn sílẹ̀ gbàgà lórí tábìlì mi.

"Ọ̀gá, duba," ó ní kí n wò ó.

Mo wò ó. Tirẹ̀ ní ihò wínníwínní nínú, bíi búrẹ́dì. Ti ọmọ ìlú mi dì pátápátá, èèyàn ò lè mọ ibi tí páìpù kan parí sí. Ó bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi gé e.

"Ṣé kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ẹnu ayé tó ń bà yín ni mo fi jọ̀gá?" Ohùn rẹ̀ le. "Mo mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ níbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Háà, ojú tì mí! Ọ̀gá wa òyìnbó ò wo iṣẹ́ ọwọ́ wa kó tó ní ọwọ́ wa wúwo, èmi náà ò sì wo inú páìpù. Mo gbé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì, mo ní mo ti ṣàṣìṣe, kí wọ́n jọ̀ọ́ yí orúkọ padà. Wọ́n yí i padà.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ sí Laranto, mo jẹ́wọ́ fún ọmọ ìlú mi. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ká ní ọmọ ibòmíràn ni mí, ẹ ò bá ti gé e."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n da ọpẹ́ bò mí nípàdé. Wọ́n ní mo ṣe bí ọmọ ìlú, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba tiwa. Mo dìde, mo ṣàlàyé: páìpù, ihò, ayùn, gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "A gbọ́, a gbọ́! Bí ó ṣe yẹ kóo sọ ọ́ níta nìyẹn!" Mo pariwo, mo lu tábìlì, bí mo ṣe ń bínú tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Alága bá pe ọmọ ìlú mi jáde.

"Wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó fún ọ níṣẹ́."

Ó wò mí. Mo ń mi orí fún un pé kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n àgbà ti sọ̀rọ̀, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nítorí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àwọn èèyàn wa sì ń pàtẹ́wọ́.