Ọjọ́ Tí Áàpù Tuntun Tilẹ̀kùn Mọ́ Àwòrán Ẹ̀yìn Ìyá Ṣadé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta lónìí kó má bàa pa mí sínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé Warri níbí ni wọ́n bí mi sí, ní Igbudu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá àti ìyá mi. Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti wẹ́ẹ̀bù wọn. Ká sọ òótọ́, èmi náà ni wọ́n ń pè bí AC bá ń jò.

Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rọrùn. Tí a bá ya àwòrán aláìsàn tán, a ó kó o sínú fódà tirẹ̀ lórí sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo nǹkan wa. Fódà náà á ní orúkọ gígùn kan tí ẹlòmíì ò lè ṣèèṣì mọ̀. A ó wá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù aláìsàn. Dókítà tó bá fẹ́ rí i, Benin ni o, Èkó ni o, á kàn tẹ líǹkì náà, àwòrán á yọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn.

Ọ̀kan lára àwọn ìyá ìjọ wa ni Ìyá Ṣadé. Ẹja ni wọ́n ń yan tà létí omi. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ẹsẹ̀ ń kú, dókítà sì ní kí wọ́n lọ ya MRI. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń rí fún Yorùbá tó wà nílùú onílùú: ibi tí ọmọ ẹni bá wà la máa ń lọ. Báńkì ni o, ọsibítù ni o, a ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ wa kankan wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bi wọ́n bóyá kí àwọn tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù fún wọn mú lọ. Ìyá Ṣadé rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sí mi níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "No worry. My pikin dey here." Inú mi dùn bíi kí n fò! Èmi ni mo gbé àpò wọn dé ìdí kẹ̀kẹ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá wa pinnu pé a gbọ́dọ̀ ní áàpù. Ó mú ọkùnrin kan wá láti Èkó, tí gbogbo wa ń pè ní Engineer. Ọmọ Yorùbá ni o, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ Yorùbá sí i, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: áàpù náà dára. Èèyàn lè jókòó sílé kó fi í gba ọjọ́ tí yóò wá.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Engineer gbé áàpù náà sórí àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù wa kan náà, ó sì ní òun ni kó máa pàdé gbogbo ẹni tó bá wọlé. Gbogbo! Áàpù náà ò sì mọ̀ pé fódà kankan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ líǹkì rẹ̀, áàpù á ní kó forúkọ sílẹ̀. Bó bá forúkọ sílẹ̀ tán, á sọ fún un pé ohun tó ń wá kò sí.

Ṣé ó wá ṣòro tún ṣe ni? Rárá o! Ìlà díẹ̀ ni èèyàn máa kọ sínú ètò sáfà: bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó wà nínú fódà àwòrán, fún un níbẹ̀ tààrà, èyí tó bá kù, gbé e fún áàpù. Bí ìgbà téèyàn sọ fún mẹ́gáàdì pé ẹni tó bá ń béèrè ayálégbé ẹ̀yìn, kó jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá.

Mo kọ àwọn ìlà yẹn, mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ṣiṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí Engineer. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan títí launching áàpù náà á fi kọjá, pé tó bá yá, òun á kó àwọn fódà náà wọnú áàpù. Mo lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní ṣé èmi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó wá láti Èkó lọ ni? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Engineer ti pààrọ̀ password sáfà. Èmi tí mo gbé sáfà yẹn dìde láti ilẹ̀! Wọ́n yọ mí bí ẹni yọ jìgá.

Ọjọ́ launching dé. Wọ́n ta kánópì síwájú ilé, orin ń dún, àwọn èèyàn ńlá ń wọlé. Pásítọ̀ kan ń gbàdúrà, ó ń ta òróró sí kọ̀ǹpútà lórí. Mò ń bẹ̀rù kó má lọ wọ inú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí fóònù mi fi dún. Ṣadé ni, láti ọsibítù tó gbé ìyá rẹ̀ lọ ní Benin. Dókítà oníṣẹ́-abẹ kan tó máa ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti dé, ó sì fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ wọ tíátà. Kókó kan ló hù sí Màmá nínú ẹ̀yìn, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí àwòrán kí òun tó gé ẹnikẹ́ni. Wọ́n tẹ líǹkì. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n rí.

"Bros Túndé, the thing no dey open o! Doctor say e no fit cut person back with mouth talk. E dey travel this evening. Abeg, do something!"

Ẹ̀rọ MRI ọsibítù yẹn ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tiwa náà kì í tọ́jú àwòrán pẹ́; bó bá ti dé orí sáfà, a máa ń pa á rẹ́ níbẹ̀ kí àyè lè wà. Ibì kan ṣoṣo ni àwòrán yẹn wà láyé yìí, ó sì wà níbẹ̀ digbí, lẹ́yìn áàpù tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá.

Mo sá tọ Engineer lọ. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní kó ṣáà jẹ́ kí n wọlé kí n lẹ ìlà wọ̀nyẹn mọ́ ọn, pé kò ní gba àkókò rárá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní bí áàpù bá kú nígbà tí alága ayẹyẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì láti ṣí i ńkọ́? Mo ní kò ní kú. Ó ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́.

Ímeèlì! Èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì!

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá níwájú àwọn àlejò rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ní kí gbogbo wa wọ̀. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí. "My guy, no spoil my day. After launching, dem go check am." Ó wá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò bíi pé oúnjẹ ni mò ń tọrọ.

Mò ń pe Ṣadé, mo ní kó bẹ dókítà kó dúró. Ó bẹ̀ ẹ́. Dókítà náà sì dúró o, Ọlọ́run á bù kún un, ó dúró títí tí kò fi lè dúró mọ́. Ní Warri, wọ́n ṣì ń pe àwọn èèyàn jáde wá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n tú kánópì tán, Engineer jókòó, ó ṣe é. Ṣé ẹ mọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn? Ìlà tèmi! Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Áàpù ò kú, kò tilẹ̀ mì. Mo tẹ líǹkì Ìyá Ṣadé, àwòrán ẹ̀yìn wọn yọ kedere. Dókítà ti lọ.

Ó di ìgbà tí dókítà yẹn tún padà wá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́-abẹ náà. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀pá ni Màmá fi tilẹ̀ wọ Benin. Lẹ́ẹ̀kejì, gbígbé ni wọ́n gbé wọn. Wọ́n yọ kókó náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò padà. Mo bi dókítà lórí fóònù pé ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ṣe é ńkọ́? Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Èmi náà mọ ohun tí mo mọ̀.

Ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá ní ká má sọ ọ́ síta, pé tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ká ní network ló fà á. Network! Ọjọ́ yẹn ni mo fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn.

Mo lọ kí Màmá ní Jeddo, níbi tí Ṣadé kó wọn lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Mo débẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga onítáyà, wọ́n ń ṣa ẹja tí ẹlòmíì yan. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi ohùn Ìlàjẹ pè mí lọ́mọ. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọma mi. Ṣadé sọ fún mi pé wọ́n dójú tì ọ́ níwájú àwọn èèyàn nítorí mi." Èmi ni wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún!

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tì sí kòtò nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ fẹ́ràn nǹkan tuntun, kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ béèrè ẹni tó ṣì ń lo ti àtijọ́. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ gba àwòrán yín dání, ẹni yòówù kẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀. Ẹni yín lè wà níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ má sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, pé ẹ mọ ọ̀nà àbáyọ, tí wọn ò jẹ́ kí ẹ ṣe é? Báwo lẹ ṣe gbé e kúrò lọ́kàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "pẹ̀lẹ́" sí mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ti sọ ọ́ fún mi, mi ò sì tíì mọ ibi tí mo máa gbé e sí.