Bọ̀dá Ọlálẹ́yẹ àti Páìpù Tó Sanra Lásán

Bọ̀dá Ọlálẹ́yẹ ga bí òpó, kì í rẹ́rìn-ín, ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lẹ́yìn etí ẹ̀. Òun ló ń rí sí iṣẹ́ irin ní Ayétòrò, ìlú wa lórí omi tí ìjọ ń darí. Ìjọ ló fi í síbẹ̀, bó ṣe fi àwọn kan sí ẹja, tó fi àwọn kan sí aṣọ híhun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Sàpẹ́lẹ́ ló ti kọ́ ìṣirò irin.

Lọ́dún yẹn, ọkọ̀ ńlá wa ti parí, ó ku kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sínú ẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan gbáko ni. Wọ́n fẹ́ gbé páìpù kan dábùú orí òpó méjì, kí ẹ́ńjìnnì so rọ̀ láàárín ẹ̀, kí ọkùnrin mẹ́fà wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n á máa darí ẹ̀. Tí páìpù yẹn bá lọ ká, ẹ parí ìyókù fúnra yín.

Bàbá Jákọ́bù, olórí àwọn tó ń kan ọkọ̀, ló mú páìpù. Ẹ sáà mọ bí àwa ará orí omi ṣe ń mú òpó ilé: a ó dì mọ́ igi ẹ̀gbà nínú ẹrẹ̀, èyí tí ọwọ́ ò bá ká, òun là ń gé. Bàbá dì mọ́ páìpù bẹ́ẹ̀ náà, ó wá fi imú sọ̀rọ̀: "Hẹ̀n-ẹ́n. Eléyìí sanra. Eléyìí lọkùnrin."

Inú ọkọ̀ kan tó rì ni páìpù ọ̀hún ti wá, wọ́n ti jó irin dí ẹnu ẹ̀ méjèèjì. Bọ̀dá wọn fífẹ̀ ẹ̀ níta, ínṣì mẹ́rin àtààbọ̀. Ó wo ìwé ìṣirò irin tó mú bọ̀ láti Sàpẹ́lẹ́, ó ní ó máa gbé e. Ìjọ fẹnu kò sí i. Ohun tí ìjọ bá sì ti fẹnu kò sí, ta ló máa lóun fẹ́ yí i padà?

Àfìgbà tó ń gé e kúrú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ayùn wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó bẹjú wo ẹnu ibi tó gé: omi iyọ̀ ti jẹ inú ẹ̀. Irin tó yẹ kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ti di ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ó jókòó sórí pátákó tí gbogbo wa ń rìn kọjá, ó fa ṣọ́ọ̀kì yọ. Ó kọ fífẹ̀ ìta lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn. Ó ṣe ti inú bẹ́ẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò nínú ti ìta, torí ihò àárín ò gbé nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, ó ń tún un kọ. Nígbà tó pín in tán, agbára tó yẹ kó pé mẹ́ta ò pé méjì. Kò yẹ kí ẹrù tó máa wà lórí ínṣì irin kan ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ. Tibí yìí máa lé ní mẹ́rìndínlógún.

"Bàbá, páìpù yẹn ò ní gbé e."

"Ta ló ní ó máa gbé e?" Bàbá Jákọ́bù bi í.

"Èmi ni. Ìwé ni mo wò, mi ò wo inú páìpù."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ṣọ́ọ̀kì ẹ ń ronú pìwà dà?"

Sárà ìyàwó Bọ̀dá ló dá a lóhùn: "Bàbá, ọkọ mi kì í sọ pé òun ṣì í nílé o. Tó bá ti ń sọ ọ́ níta, ẹ sá!"

Láàárọ̀, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ. "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó gbé páìpù míì wá, èyí tí wọ́n ń jókòó lé lẹ́nu ọ̀nà: kò sanra tó ti Bàbá, àmọ́ irin ẹ̀ nípọn.

"Ọrùn igúnugún yìí?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Mẹ́ta àtààbọ̀ ni agbára ẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ń so àpò iyanrìn mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, ogún ẹ̀ ló jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Èyí tó sanra dé àpò kẹẹ̀ẹ́dógún, ikùn ẹ̀ wọlé, ó ká. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọrùn igúnugún gba ogún. Bọ̀dá ní kí wọ́n fi márùn-ún sí i. Ó gbà á.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbéra nílẹ̀, Bàbá Jákọ́bù ló kọ́kọ́ bọ́ sínú ọkọ̀ lábẹ́ ẹ̀, Bọ̀dá tẹ̀ lé e. Wọ́n rọra gbé ẹ́ńjìnnì jókòó sáyè ẹ̀.

Ariwo ta. Bọ̀dá ò dá sí wọn. Ó gun òkè, ó na okùn láti orí páìpù dé ìdí ẹ̀, ó fi ojú kan wò ó bóyá ó tẹ̀. Kò tẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó bèèrè oúnjẹ.